Lẹ́tà ṣíṣí sí àjọ ALECSO: èdè Lárúbáwá ń bọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ yín

Sí Olùdarí Àgbà, Àjọ Lárúbáwá fún Ètò Ẹ̀kọ́, Àṣà àti Sáyẹ́ǹsì (ALECSO), Tunis,
àti sí àwọn mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè 22 tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Lárúbáwá.

Ẹ̀yin àgbà wa, àsàlámù àlékùm wàráhmátúláhì. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdọọdún, ẹ máa ń péjọ láti yin èdè yín. Ọjọ́ náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà á ní 1973 pé kí Lárúbáwá wà lára àwọn èdè tí àjọ náà ń lò, láti 2012 sì ni UNESCO ti ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀. Àwa náà ń ṣe é níbí. Àwọn ọmọ kéú á wọ aṣọ funfun, wọ́n á ké ewì, wọ́n á fi fusha, ìyẹn Lárúbáwá àjùmọ̀lò tó wà nínú ìwé, jiyàn níwájú èrò, àwọn òbí tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ á máa pàtẹ́wọ́, inú wọn á máa dùn. Ohun tó mú mi gbé kálámù ni pé ìyìn yín ti pọ̀ ju iṣẹ́ yín lọ. Àwọn tó ń sọ èdè yìí lójoojúmọ́ lé ní 400 mílíọ̀nù, síbẹ̀ ọmọ tí wọ́n bí sínú rẹ̀ ò lè kà á dáadáa, ò lè fi kọ lẹ́tà, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́ níwájú ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò jí i lọ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ di ipò mú lẹ ń lé e jáde ní yunifásítì, ní ilé ìwòsàn àti ní ọ́fíìsì.

Olùkọ́ Lárúbáwá ni mí ní Ìlọrin. Orí wàláà ni mo ti kọ́ lẹ́tà yín, lọ́dọ̀ àfáà tí kò dé ilẹ̀ Lárúbáwá rí, tó sì lè tú gírámà rẹ̀ palẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èdè yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ṣéékì Adam Abdullah al-Ilori dá Markaz, ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá rẹ̀, sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó gbé e wá sí Agége ní 1955, Lárúbáwá ló sì fi ń kọ ìtàn ilẹ̀ wa àti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sínú ìwé títí ó fi jáde láyé ní 1992. Àwọn òbí ń ta aṣọ, wọ́n ń ta oko, kí ọmọ wọn lè mọ èdè tí ẹ̀yin kàn bá nílé. Nítorí náà, ẹ má kà á sí àtojúbọ̀ tí mo bá bínú. Bí àwọn tó ni èdè bá fi í sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni àwa tí à ń kọ́ ọ fẹ́ gbà lọ?

1. Ẹ yọ èdè yín kúrò nínú iṣẹ́ tó ń fún ènìyàn lóúnjẹ.

Ọmọ kan tí mo kọ́ rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Lárúbáwá rẹ̀ tó yanrantí ló jẹ́ kí wọ́n mú un. Ìgbà tó débẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sílẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ń bi í pé kí ló fẹ́ fi gbogbo Lárúbáwá yẹn ṣe. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ùstáàsì, èmi ni mò ń bá wọn kọ lẹ́tà ní èdè bàbá wọn." Mi ò rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn.

Kò sì rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Muhammad Ali, ẹni tó ń ṣàkóso Íjíbítì nígbà náà, dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Abu Zaabal ní Íjíbítì ní 1827, ọmọ Faransé ni Clot Bey tó fi ṣe olórí rẹ̀, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ. Ògbufọ̀ ń dúró ní kíláàsì, wọ́n ń túmọ̀ ohun tí olùkọ́ bá sọ, wọ́n sì ń túmọ̀ ìwé ìṣègùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi ní ìwé tiwọn. Lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì gba Íjíbítì ní 1882 ni Gẹ̀ẹ́sì gba ipò rẹ̀ níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ajíhìnrere ará Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní Beirut ní 1866, èyí tó di American University of Beirut, Lárúbáwá ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀, títí kan ìmọ̀ ìṣègùn, kó tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì kí ọ̀rúndún náà tó parí. Àwọn àlejò tó wá láti Amẹ́ríkà ka èdè yín sí èdè tó lè gbé ìmọ̀ ìṣègùn nígbà tí kò tíì sí ìwé tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ onílé, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó ti wà báyìí, ẹ ní kò lè gbé e.

Damascus, olú ìlú Síríà, ò yí padà ní tiẹ̀. Láti 1919 ni wọ́n ti ń fi Lárúbáwá kọ́ dókítà níbẹ̀, wọn ò sì dáwọ́ dúró. Ẹ máa ń sọ pé dókítà tó bá fi Lárúbáwá kọ́ṣẹ́ kò ní lè bá ayé ṣe. Ẹ wo Jámánì: nínú gbogbo dókítà àjèjì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ Síríà ló pọ̀ jù. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ wọn ní èdè wọn, ìgbà tí ogun lé wọn kúrò nílé, wọ́n kọ́ èdè Jámánì kún un, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn ará Jámánì. Mo ti ń retí ẹni tó máa já ẹ̀rí yìí nínú yín.

Ẹni tí ìyà ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ jù ni aláìsàn. Ìyá àgbà kan á jókòó níwájú dókítà ní Cairo, á fi Lárúbáwá ṣàlàyé ibi tó ń dùn ún, dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyá á gba ìwé náà dání lọ sílé, kò sì ní mọ ohun tí wọ́n kọ nípa ara òun. Àwọn òbí sì ń wo èyí. Wọ́n rí èdè tí dókítà ń kọ, wọ́n rí èdè tí ilé ìfowópamọ́ fi ń gba òṣìṣẹ́, wọ́n wá ń san owó gọbọi kí ọmọ wọn lè ti jẹ́léósinmi bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé. Ẹ má bá òbí jà. Ẹ̀yin lẹ fi ọ̀nà yẹn hàn án.

2. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní Mòrókò.

Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń fi Lárúbáwá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì níbẹ̀ títí dé ìparí girama. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi sáyẹ́ǹsì yunifásítì sílẹ̀ fún Faransé. Ọmọ tó ti ń fi Lárúbáwá kọ́ físíìsì láti kékeré á dé yunifásítì, á bá olùkọ́ tó ń fi Faransé sọ̀rọ̀, ohun tó mọ̀ á wá di ohun tí kò mọ̀. Àwọn tó sì fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ kò kéré. Gbogbo ènìyàn ló rí ibi tí àìsàn wà. Ní oṣù Keje 2019, ọdún 63 lẹ́yìn òmìnira, ilé aṣòfin fọwọ́ sí òfin 51.17, òfin náà sì ṣí ọ̀nà fún fífi èdè àjèjì kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé àwọn ọmọ. Yunifásítì ni aláìsàn, ilé ìwé ọmọdé ni wọ́n gbé oògùn fún.

Ẹ̀yin ALECSO, ọ́fíìsì yín kan wà ní Rabat, olú ìlú orílẹ̀-èdè yìí kan náà. Láti 1961 ló ti wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè Lárúbáwá máa fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ohun kan náà nínú ìmọ̀. Ó ti ṣe ìwé atúmọ̀ fún físíìsì, fún kẹ́mísírì, fún ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ mìíràn. Ẹ tún ní àwọn ilé ìmọ̀ èdè: ti Damascus láti 1919, ti Cairo láti 1932, ti Baghdad láti 1947, ti Amman láti 1976. Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Olùkọ́ tí òfin sọ fún pé kó lò ó ni kò sí. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé tó fi ayé wọn ṣe iṣẹ́ yẹn, ó sì dùn mí pé ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ wọn di ohun tí à ń tò sórí pẹpẹ.

3. Àwọn ọmọdé. Ọ̀rọ̀ yìí ló ká mi lára jù.

Lárúbáwá tí ọmọ Casablanca tàbí ọmọ Beirut ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àti fusha tó wà nínú ìwé rẹ̀ jìnnà síra. Àwa náà mọ irú rẹ̀ díẹ̀: ọmọ Èkìtì tàbí ọmọ Ìkálẹ̀ máa ń bá Yorùbá àjùmọ̀lò pàdé nínú ìwé, ọ̀rọ̀ kan á ṣe àjèjì sí i níbí, òmíràn lọ́hùn-ún. Ti yín ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò tíì gbọ́ ìtàn kan gbádùn rí ní fusha lẹ máa kọ́kọ́ fi gírámà pàdé: èwo ni fáìlì (olùṣe), èwo ni mafúùlù (àbọ̀), kí ló dé tí ìparí ọ̀rọ̀ yìí fi yí padà. Ó máa há a sórí nítorí ìdánwò. Tó bá ti ṣe ìdánwò tán, ó parí nìyẹn, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ràn nínú rẹ̀ tó máa fà á padà wá.

Ẹ̀rí wà. Nínú ìdánwò ìwé kíkà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní PIRLS, tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 500 ni òṣùwọ̀n àárín. Ní 2016, Íjíbítì gba 330, Mòrókò gba 358, Kùwéètì gba 393. Kò sí orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kankan tó dé 500. Ní 2021, Kátárì sún mọ́ ọn pẹ̀lú 485, Íjíbítì gòkè dé 378, mo sì bá àwọn olùkọ́ wọn yọ̀ gan-an ni. Síbẹ̀, ẹnìkan kò tíì dé ibẹ̀ nínú yín. Ní ọdún 2021 yẹn kan náà ni Báńkì Àgbáyé gbé ìròyìn jáde lórí kíkọ́ Lárúbáwá, wọ́n ní ju ìdajì àwọn ọmọ agbègbè yín lọ ni kò lè ka àyọkà tó bá ọjọ́ orí wọn mu kó sì yé wọn nígbà tí wọ́n bá pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kùwéètì lówó, nítorí náà ẹ má sọ fún wa pé àìsí owó ló fà á.

Ẹ mọ oògùn rẹ̀, nítorí ẹ ti lò ó rí. Ní 1979, ètò tẹlifíṣọ̀n ọmọdé kan bẹ̀rẹ̀ ní Kùwéètì tí àwọn orílẹ̀-èdè Gulf, ìyẹn àwọn Lárúbáwá elépo tó wà létí òkun níbẹ̀, jọ náwó lé lórí. Fusha ni wọ́n fi ṣe é, fusha tó rọrùn, tó ń pa ọmọ lẹ́rìn-ín, kì í ṣe èyí tó ń dẹ́rù bà á. Àwọn ọmọ ń wò ó káàkiri ilẹ̀ Lárúbáwá. Nígbà tí ogun dé bá Kùwéètì ní 1990, ó dúró, ọdún 2015 ló tó padà wá. Ẹ fi odidi ìran kan sílẹ̀ láàárín. Àwọn tó wo eré àwòrán ní fusha lórí Spacetoon, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n ọmọdé, láti 2000 ṣì wà láàyè, wọ́n ti di bàbá àti ìyá. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí etí wọn ti mọ fusha, púpọ̀ nínú wọn ò ní dárúkọ ilé ìwé.

Àwa Yorùbá ní ẹ̀rí tiwa lórí kíkọ́ ọmọ ní èdè tó gbọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ náà ta àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ yọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìjọba wa kò tẹ̀ lé e káàkiri ilẹ̀ yìí, ó sì ń dùn mí títí dòní. Àwa ò ní agbára tí ẹ ní: èdè yín ló wà lórí owó yín, òun ló wà nínú òfin yín, ẹ sì ní epo rọ̀bì.

4. Òfin wà ní Gulf. Títẹ̀ lé e ló kù.

Ní 2008, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà United Arab Emirates pàṣẹ pé Lárúbáwá ni kí gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa lò. Kátárì tí wọ́n tún ilé ìwé wọn tò láti 2004, tí wọ́n wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, rí ohun tó tibẹ̀ jáde. Ní 2012 wọ́n pàṣẹ fún yunifásítì wọn pé kó dá ẹ̀kọ́ bíi òfin àti ìmọ̀ okòwò padà sí Lárúbáwá, ní 2019 wọ́n sì ṣe òfin tó dáàbò bo èdè náà. Mo kí wọn fún ìgboyà yẹn. Mo sì mọ̀ pé ó le: ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, àjèjì ju mẹ́jọ lọ nínú ènìyàn mẹ́wàá. Ẹni tó ń ta oúnjẹ, ẹni tó ń wakọ̀, ẹni tó ń gbé ọmọ pọ̀n, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn fi ń bá onílé sọ̀rọ̀.

Mo dé ọ́fíìsì kan ní ìlú kan ní Gulf, mo fi fusha kí ọ̀dọ́mọkùnrin onílẹ̀ tó jókòó síbẹ̀, mo sì ṣàlàyé ohun tí mo bá wá. Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá mi lóhùn. Mo tún fi Lárúbáwá sọ ọ́. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó wo ẹ̀gbẹ́ kejì, ó wá rọra sọ fún mi pé kí n má bínú, pé ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni òun lọ láti kékeré, òun ń ka Al-Kùránì, òun gbọ́ gbogbo ohun tí mò ń sọ, ṣùgbọ́n òun kì í fẹ́ sọ fusha kí òun má baà ṣi í sọ. Ọmọ dáadáa ni, ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó sì ṣe ohun tí mo bá wá. Kò yẹ kí ojú ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níwájú èmi tí mo wá láti Ìlọrin. Ẹni tí ojú yẹ kó tì ni ẹni tó fọwọ́ sí ilé ìwé tó gbà á láti kékeré tí kò sì rí i dájú pé ó mọ èdè bàbá rẹ̀ kó tó jáde.

5. Ẹ fi àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi lẹ́tà ABD kọ Lárúbáwá lórí fóònù sílẹ̀.

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù lórí wọn: pé wọ́n fi 3 dípò áyìn, wọ́n fi 7 dípò háà, wọ́n fi 2 dípò hámúsà, pé àwọn ló ń ba èdè jẹ́. Nígbà tí fóònù àti kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dé, púpọ̀ nínú wọn kò ní lẹ́tà Lárúbáwá. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, wọ́n wá ọgbọ́n dá sí i. Ìfẹ́ èdè ni mo rí níbẹ̀. Báyìí tí lẹ́tà náà ti wà lórí gbogbo fóònù, ẹ fún wọn ní ohun tó dùn láti kà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á padà sí i.

6. Ohun tí mi ò bèèrè.

Mi ò ní kí ẹ pa Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé tì. Ọmọ tó bá gbọ́ èdè mẹ́ta, Ọlọ́run ló ṣe é lóore. Mi ò sì ní kí ẹ fi Lárúbáwá tẹ àwọn mìíràn mọ́lẹ̀. Ní 1938, ìjọba Faransé kéde Lárúbáwá ní èdè àjèjì lórí ilẹ̀ Àlgéríà, Abdelhamid Ben Badis àti àwọn àfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń ṣí ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ lójú ìhàlẹ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n fojú rí nìyẹn. Ó ṣe wá jẹ́ pé lẹ́yìn òmìnira, àwọn Amazigh, ẹ̀yà tó ti wà lórí ilẹ̀ kan náà kí Lárúbáwá tó dé, tún ní láti jà fún èdè tiwọn kí òfin tó gbà á, ní Mòrókò ní 2011, ní Àlgéríà ní 2016? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi lẹ́tà mi gbè sí irú ìyẹn lẹ́sẹ̀.

7. Ohun tí à ń bèèrè.

Àkọ́kọ́, kí àwọn mínísítà fẹnu kò pé ọ̀rọ̀ tí ọ́fíìsì Rabat bá ti fọwọ́ sí ni ilé ìwé gbogbo máa lò, kí yunifásítì ìjọba kan ó kéré tán ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi Lárúbáwá kọ́ nọ́ọ̀sì, olùpoògùn àti dókítà, kí wọ́n sì máa kọ́ èdè àjèjì kan dáadáa pẹ̀lú rẹ̀. Damascus ti ṣe é fún ohun tó lé ní 100 ọdún. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ ibẹ̀, ẹ gba ìwé wọn. Kí wọ́n tó ṣe èyí tán, ẹ pàṣẹ lónìí pé kí ilé ìwòsàn máa kọ àlàyé àìsàn àti oògùn fún aláìsàn ní Lárúbáwá. Èyí kò gba owó púpọ̀.

Èkejì, kí ẹ jọ dá owó fún eré àti ìtàn ọmọdé ní fusha, èyí tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí olùkọ́ kíláàsì kìíní máa ka ìtàn sí àwọn ọmọ létí lójoojúmọ́, kí gírámà sì dúró dè wọ́n. Àwọn ọmọ kéú wa máa wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ yín.

Ẹ̀kẹta kan àwa gan-an. Ní 1974, ẹ̀yin ALECSO dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Khartoum láti kọ́ àwa tí a kì í ṣe Lárúbáwá bí a ṣe lè máa kọ́ àwọn ènìyàn wa ní èdè yín. Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 15 oṣù Kẹrin 2023 ti tú ìlú náà ká. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ yẹn bá ogun náà lọ. Orílẹ̀-èdè yín 22 ni, àyè wà fún un, àwọn olùkọ́ wa sì ń dúró dè yín.

Èyí tó kẹ́yìn: ní 18 oṣù Kejìlá tó ń bọ̀, kí mínísítà kọ̀ọ̀kan tó bọ́ sórí pèpéle, kó kọ́kọ́ ka iye àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ tó lè ka ojú ewé kan ní Lárúbáwá kó sì yé wọn, àti iye tó jẹ́ lọ́dún tó kọjá. Tó bá ti kà á tán, kó máa ké ewì tó bá wù ú.

Èmi ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
olùkọ́ èdè Lárúbáwá kan ní Ìlọrin.